Ọjọ́ 27, Oṣù Karùn-ún: Ọdún Ọmọdé Rèé, Ọdún Kwara Náà Rèé

Òjò tó ń rọ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún kì í ṣe àkọ́rọ̀ òjò mọ́, ó ti di òjò gidi. Ní Ìjàrà-Ìsin níbí àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, iṣu ti ń fà, àgbàdo ti ń ga, ìgbín sì ti ń jáde lálẹ́. Bí òjò bá ti dá, èsúnsún á máa fò yí iná ká, àwọn ọmọdé á gbé abọ́ omi síbẹ̀, wọ́n á máa kó o. Ẹni tí kò bá jẹ èsúnsún dídín rí, kó má pera ẹ̀ lọ́mọ oko níwájú mi.

Nínú àsìkò yìí, ọjọ́ pàtàkì ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ ni. Ọjọ́ 25 ni ọjọ́ Áfíríkà, torí ọjọ́ náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ OAU sílẹ̀ ní Addis Ababa lọ́dún 1963. Ọjọ́ 29 ni ìjọba tuntun máa ń gorí àlééfà, òun la sì fi ṣe ọjọ́ ìjọba dẹmọ títí di ọdún 2018, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọjọ́ 12, oṣù kẹfà. Ọjọ́ 30 ni Ojukwu kéde Biafra lọ́dún 1967. Àárín wọn ni ọjọ́ 27 jókòó sí jẹ́ẹ́, òun ni ọjọ́ àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà.

Ẹ gbọ́ eléyìí ná. Ọdún 1964 ni wọ́n sọ ọjọ́ yìí di ọdún àwọn ọmọdé. Ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1964 yẹn náà ni Nehru, olórí ìjọba ilẹ̀ Íńdíà, jáde láyé. Nehru yìí fẹ́ràn ọmọdé débi pé ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, làwọn ará Íńdíà fi ń ṣe ọdún ọmọdé tiwọn. Ọjọ́ tí wọ́n bí i lọmọ Íńdíà ń jó, ọjọ́ tó kú lọmọ Nàìjíríà ń jó. Kò sẹ́ni tó pète ẹ̀ o, ó kàn ṣe wẹ́kú bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ ilé ìwé nìkan ni wọ́n fún ní ìsinmi lọ́jọ́ yìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń lọ síbi iṣẹ́, ìyá ọlọ́jà ń lọ sọ́jà. Ọmọ tí tíṣà bá mú pé yóò yan á wọ yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀, á máa ju apá nínú oòrùn, àwọn àgbà tó wá wòran á sì jókòó sábẹ́ kánópì. Ọmọ tí wọn ò mú, bàbá rẹ̀ á ní, "Ìsinmi mà ti dé, ó yá, gbé àdá, oko yá." Mi ò ní kọ́mọ má lọ sóko o. Ọmọ tó mọ oko kò ní febi kú. Mo kàn ń sọ bí ọdún náà ṣe ń rí ni.

Mo bi ọmọ kan lára àwọn tó ń yan pé, "Ọmọ mi, ta lẹ ń ṣọdún fún lónìí?" Ó ní, "Àwa ọmọdé ni, sà." Mo ní, "Ṣé kò sí ẹlòmíì tó ń ṣọdún pẹ̀lú yín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sí o, bàbá. Àwa nìkan ni."

Mi ò bá a wí, torí àwa àgbà la ò sọ fún un. Kwara tó ń gbé inú ẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n bí i!

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967. Ọjọ́ yẹn ni Gowon pín Nàìjíríà, tó jẹ́ ẹkùn mẹ́rin tẹ́lẹ̀, sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Ó mú Ìlọrin àti Kàbbà kúrò lára ẹkùn Àríwá, ó pè wọ́n ní West Central State, ẹ̀yìn ìyẹn ló di Kwara. Orúkọ tí àwọn Hausa ń pe Odò Ọya nìyẹn. Gómìnà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀, ọmọ Ìgbómìnà ni, David Bámigbóyè, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Oṣù kejìlá ọdún 1940 ni wọ́n bí i, ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ọmọ ọdún 26 ni! Lóde òní, ọmọ ọdún 26 ṣì wà nílé bàbá ẹ̀ tó ń fi ìwé ẹ̀rí wáṣẹ́ kiri. Bámigbóyè wà lórí oyè títí di ọdún 1975, ó sì kú lọ́dún 2018.

Kí ló dé tí wọ́n fi pín in? Ogun ló ń rúgbó bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín ìpín yẹn àti ìkéde Biafra. Ṣùgbọ́n fún àwa tílẹ̀ Ìgbómìnà, ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé Kàdúná, olú ìlú Àríwá, jìnnà. Bí ìjọba bá wá sí Ìlọrin, ó dé tòsí nìyẹn. Lọ́dún 1976, ilẹ̀ Ígálà kúrò lára Kwara. Lọ́dún 1991, wọ́n yọ apá kan fún Kogi. Lọ́dún 1996, Ìsin náà di ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n fi olú ìlú ẹ̀ sí Òwù-Ìsin. Láti Kàdúná dé Ìlọrin, láti Ìlọrin dé Òwù! Ìjọba ti sún mọ́ wa débi pé ọ̀kadà lèèyàn fi ń lọ bá a.

Àbí kò tíì sún mọ́ wa? Ẹ jẹ́ ká fi ojú ọmọdé wò ó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù, ní Kwara wa níbí, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ. A dúpẹ́ pé àwọn tí wọ́n kó lọ padà wálé. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn náà nìjọba ní kí wọ́n ti ilé ìwé pa láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù Kwara, Ìsin sì wà nínú wọn. Irú ọmọ tó yan níwájú àwọn àgbà ní oṣù karùn-ún náà ló wá jókòó sílé ní oṣù kọkànlá, tó ń wo àpò ìwé ẹ̀. Títi ilé ìwé pa rọrùn. Ṣíṣọ́ ọ̀nà tọ́mọ ń gbà lọ síbẹ̀ ló le.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kò yẹ ká ya ọdún méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ tó ń ṣọjọ́ ìbí lọ́jọ́ ọdún ọmọdé, ara ọmọdé ló yẹ ká ti máa wò ó bóyá ó dàgbà. Ká má bi wọ́n pé afárá mélòó ni wọ́n ṣe. Ká bi wọ́n pé: ṣé ọmọ ń lọ síwèé kí ọkàn ìyá ẹ̀ má pami?

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó gbọ́njú lọ́dún 1967 ti di arúgbó báyìí. Bí kò bá sọ ohun tó rí, ta ni yóò sọ ọ́? Èsìẹ́ tó wà nítòsí wa yìí, tí ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí wọ́n ti kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí láti ọdún 1945, ọmọ wa mélòó la ti mú débẹ̀? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Nítorí náà, bí ọdún ọmọdé bá tún dé, kí alága tún àga gbé sínú oòrùn díẹ̀, kó gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ. Kẹ́yin náà sì pe ọmọ yín jókòó bó bá ti oko tàbí pápá dé, kẹ́ ẹ sọ fún un pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣọdún.

Ẹ kú ọdún ọmọdé, ẹ kú ọdún Kwara. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.