Ìjọ Lẹ́nu Ọ̀nà Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìjọ kan ní Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìkórè. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, 600,000 náírà ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ àánú, ìgbìmọ̀ sì ti fẹnu kò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ni owó náà ń lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì ni bí wọn yóò ṣe ná an. Àwọn kan ní kí wọ́n ra ìrẹsì, ọṣẹ, oògùn ibà àti Bíbélì, kí wọ́n sì bá àwọn tí kò rówó ìtanràn san án kí wọ́n lè máa lọ sílé. Àwọn yòókù ní kí wọ́n gba lọ́yà, kí wọ́n kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí wọ́n bèèrè ìdí tí ẹni tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi fi ń lo ọdún lórí ọdún nínú àhámọ́. Bí ẹ bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn, apá ibo ni ẹ máa nawọ́ sí? Èmi ti yí èrò mi padà lórí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn oníbúrẹ́dì, bí mo ṣe máa ń pe àwọn tó fẹ́ gbé oúnjẹ lọ, ní ẹsẹ̀ Bíbélì tó lágbára. Ní orí karùndínlọ́gbọ̀n ìwé Mátíù, níbi tí Jésù ti ń ya àgùntàn sọ́tọ̀ kúrò lára ewúrẹ́, àbẹ̀wò ni ó kà sí rere. Kò bèèrè bóyá ẹlẹ́wọ̀n náà jẹ̀bi, kò sì dárúkọ òfin kankan tó yẹ ká yí padà. Wọ́n tún ní ẹ̀rí ojú ayé. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹni tí èkúrú ń jẹ ní yàrá tí wọ́n ti sùn lé ara wọn kò lè fi àbádòfin ra ara. Ní oṣù kọkànlá 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n 4,068 sílẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn aláàánú àti ilé iṣẹ́ dá 585 mílíọ̀nù náírà jọ fún owó ìtanràn àti owó gbà-máà-bínú wọn. Bí a bá pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 144,000 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nípa ìṣirò yẹn, owó ìkórè ìjọ wa yóò mú ènìyàn mẹ́rin sùn lórí ẹní ara wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí lẹ́tà sí aṣòfin tó lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo ìṣirò kan náà láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà nígbà náà lé ní 80,000, nítorí náà àwọn 4,068 yẹn kò ju bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Pàtàkì rẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo wọn ni kò tíì gba ìdájọ́, wọn kò sì ní ìtanràn kankan tí aláàánú lè bá wọn san. Ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ kò ṣàjèjì sí lọ́yà kankan. Olópàá á gbé ọmọkùnrin kan lọ síwájú májísíréètì lórí ẹ̀sùn olè pẹ̀lú ohun ìjà, májísíréètì kò ní agbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, á sì ní kí wọ́n tì í mọ́lé títí ìmọ̀ràn yóò fi ti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba wá. Wọ́n á gbé olópàá tó mọ ẹjọ́ náà lọ sí ìlú mìíràn, fáìlì á sọnù, tàbí kí ọkọ̀ má sí láti gbé e lọ sí kóòtù lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá, ohun tí àwọn tó fẹ́ kọ̀wé ń sọ nìyẹn.

Wọ́n lè tọ́ka sí John Howard pẹ̀lú. Kristẹni tó mú ẹ̀sìn rẹ̀ ní ọ̀kúnkúndùn ni, ó sì lówó lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe ṣẹ́rífù ní Bedfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1773, ó bá àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá láre lẹ́wọ̀n, nítorí pé wọn kò rí owó tí ẹ̀ṣọ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n san. Owó náà ni owó oṣù ẹ̀ṣọ́. Howard ìbá ti bá wọn san án, kó sì máa lọ ilé rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀ ó ní kí àgbègbè náà máa san owó oṣù fún ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ní kó mú àpẹẹrẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ wá, ó gun ẹṣin láti ẹ̀wọ̀n dé ẹ̀wọ̀n káàkiri, kò rí ọ̀kan. Àmọ́ ohun tó rí lọ́nà yẹn ló gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì fòfin de owó náà ní 1774. Àánú lásán ì bá máa san gbèsè ẹ̀ṣọ́ títí di òní.

Ìtàn Howard dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí mi ò lè gbé jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó sì ń mú mi lọ́ra nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé ìjọ kan fẹ́ tún ètò ẹ̀wọ̀n ṣe. Ní 1787, àwọn Kristẹni kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti mú ìnira ẹlẹ́wọ̀n fúyẹ́. Àwọn ọmọ ìjọ Quaker pọ̀ nínú wọn, William White, tó di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Episcopal, sì ni ààrẹ wọn. Ohun tí wọ́n bá ní ẹ̀wọ̀n burú: ọmọdé àti àgbà, olè àti onígbèsè, gbogbo wọn nínú yàrá kan. Wọ́n jà fún àtúnṣe, wọ́n sì borí. Ohun tí ìṣẹ́gun yẹn bí ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Eastern State Penitentiary, tó ṣílẹ̀kùn ní 1829. Orúkọ irú ilé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ti inú ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà jáde. Ẹlẹ́wọ̀n kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, Bíbélì tirẹ̀, ihò kan lókè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá ń mú un kọjá, wọ́n á fi aṣọ bo orí rẹ̀ kí ó má bàa rí ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i. Èrò wọn ni pé bí ariwo ayé bá dákẹ́, ọkàn yóò gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Nígbà tí Charles Dickens, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ ibẹ̀ wò ní 1842, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyà tó ń jẹ ọpọlọ àwọn tó wà níbẹ̀ burú ju èyí tó ń jẹ ara lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fara wé wọn nígbà náà. Ọdún 1913 ni ilé náà tó jáwọ́ pátápátá nínú àhámọ́ ànìkàngbé. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe ìkà. Àdúrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì tí a bá gbé lọ sí Agodi lè tán lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n kò lè di ògiri tí wọn yóò fi ìyà jẹ ọmọ ẹlòmíràn fún ọgọ́rin ọdún.

Ẹnìkan lè dáhùn pé àṣìṣe wọn ni pé ìlànà ni wọ́n tẹ̀ lé, wọn kò tẹ̀ lé ènìyàn. Ìdáhùn yẹn ní àpẹẹrẹ lẹ́yìn. Elizabeth Fry, Quaker bíi tiwọn, kọ́kọ́ wọ ẹ̀wọ̀n Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1813, aṣọ ló gbé lọ fún àwọn ọmọ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá wọn. Ó tó 1817 kó tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin bíi tirẹ̀, ní 1818 ó lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin. Òfin 1823 sì pàṣẹ pé kí obìnrin máa ṣọ́ obìnrin lẹ́wọ̀n. Búrẹ́dì ló ṣáájú, òfin tẹ̀ lé e. Fry kò sì fara mọ́ àhámọ́ ànìkàngbé, ó ti jókòó ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n pẹ́ ju kó gbà pé ìdánìkanwà ń wo ènìyàn sàn lọ.

Ìbá dùn mọ́ mi kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, pé ká ṣe méjèèjì bí Fry ṣe ṣe é. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà wà. Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń fún ìjọ láyè láti wọlé, ó sì lè gba àyè náà padà. Bí a bá sọ ohun tí a rí lórí rédíò lónìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé kò sáyè àbẹ̀wò. Ẹlẹ́wọ̀n ló máa pàdánù ọṣẹ àti ìwàásù, kì í ṣe àwa. Ẹ má gbàgbé pé wọ́dà tó ń ṣí ilẹ̀kùn lè jẹ́ ọmọ ìjọ wa, tí òun náà ń fara da iṣẹ́ níbi tí èrò ti pọ̀ ju àyè lọ. Ní ìdà kejì, ẹni tó bá ń wọlé lọ́dọọdún tó ń rí ọmọkùnrin kan náà níbì kan náà, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ti ń bá wọn pa àṣírí mọ́ nìyẹn.

Àwọn mìíràn tún wà tí a kì í sábà gbọ́ ohùn wọn nínú ìpàdé báyìí. Lórí ìjókòó kan náà tí a ti ń gbàdúrà fún ẹlẹ́wọ̀n, opó tí adigunjalè pa ọkọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ó lè fara da ká gbé ìrẹsì lọ fún wọn, kó má sì fara da ká gba lọ́yà fún wọn. Kò ṣe àìdáa. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé aláṣẹ kì í gbé idà lásán. Bẹ́ẹ̀ sì ni Pọ́ọ̀lù yìí kan náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ rọra tú òun àti Sílà sílẹ̀ ní Fílípì lẹ́yìn tí wọ́n ti nà wọ́n láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, ó kọ̀ láti lọ. Ó ní kí àwọn aláṣẹ fúnra wọn wá mú wọn jáde. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí orin tí wọ́n kọ lóru ọjọ́ náà, n kò tíì gbọ́ ẹyọ kan lórí ohun tó sọ nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Ohun tó wá mú kí ìwọ̀n náà yí díẹ̀ lójú mi ni pé òfin ti pọ̀ ju bí àwọn tó fẹ́ kọ̀wé ṣe rò lọ. Òfin ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015 fi gbèdéke sí irú àhámọ́ tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan. Òfin 2019 tó yí orúkọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà fàyè gba iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n, ó sì jẹ́ kí ọgbà tó ti kún lè kọ̀ láti gba ẹlòmíràn. Àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ní 2023 gba ìpínlẹ̀ láyè láti dá sí ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó pẹ́ kí ìwọ̀nyí tó dé, kódà lẹ́yìn tí ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí di ààrẹ: Olusegun Obasanjo jáde lẹ́wọ̀n ní 1998, ó di ààrẹ ní 1999, ó sì fi ọdún mẹ́jọ ṣèjọba kó tó di pé òfin 2019 jáde lábẹ́ ẹlòmíràn. Àmọ́ wọ́n ti dé, yàrá sì ṣì kún. Lẹ́tà sí aṣòfin lè máa bèèrè ohun tó ti wà nínú ìwé.

Nítorí náà, n kò ní dìbò fún lẹ́tà lọ́dún yìí, n kò sì ní dìbò pé ká pín owó sí méjì, èyí tí ìgbìmọ̀ sábà máa ń ṣe nígbà tí wọn kò bá fẹ́ pinnu. Ìbò mi ni pé kí ẹgbẹ́ àbẹ̀wò máa lọ bí wọ́n ti ń lọ, pẹ̀lú ìrẹsì, ṣùgbọ́n kí wọ́n mú ìwé kan dání: orúkọ, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ilé ẹjọ́ wo, ìgbà wo ló rí adájọ́ kẹ́yìn. Kí wọ́n gbé e lọ bá àjọ tó ń gbẹjọ́ fún aláìní lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin fún adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti tú ẹni tí àhámọ́ rẹ̀ kò bófin mu sílẹ̀, kí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá wá bẹ ọgbà náà wò. Mo mọ̀ pé ọ̀gá kan lè fojú burúkú wo ìwé yẹn. Mo mọ̀ pé orúkọ kan lè wà níbẹ̀ tí opó wa mọ̀. Bí ọdún bá yípo tí gbogbo orúkọ ibẹ̀ bá ṣì wà níbi tí a bá wọn, n ó padà sọ́dọ̀ àwọn tó ní ká kọ̀wé, n ó sì bèèrè bóyá àyè ìfọwọ́sí ṣì kù lórí lẹ́tà wọn.