Erékùṣù Tí Kò Ní Mọ́tò

Ní Ọ̀tan-Ilé níhìn-ín, àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a kì í sábà rin ìrìn-àjò láìnídìí. Bí a kò bá lọ síbi ìsìnkú, a lọ síbi ìgbéyàwó. Bí kò bá sì jẹ́ èyí, ọjà ni a lọ tà. Ọmọ òṣómàáló ni wá, a kò mọ̀ ọ́n jókòó lásán. Ṣùgbọ́n ìdílé tí kì í sinmi pọ̀ kì í mọ ara wọn dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ fún yín nípa ibì kan tí bàbá, ìyá àti ọmọ ti lè fẹsẹ̀ rìn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, láìsí ẹni tí yóò fọn fèrè mọ́tò lé wọn lórí.

Gorée ni orúkọ ibẹ̀. Erékùṣù kékeré ni, nínú òkun, ní iwájú Dakar tí í ṣe olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gà. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ ilẹ̀ náà, nítorí pé inú ẹgbẹ́ ECOWAS kan náà ni a wà. Ní èbúté Dakar, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ẹ ó ti gúnlẹ̀. Gígùn erékùṣù náà tó nǹkan bí 900 mítà, ìbú rẹ̀ sì tó bí 300. Kò sí mọ́tò níbẹ̀ rárá. Ohùn àwọn ọmọdé tí ń ṣeré àti ariwo ìgbì òkun ni ẹ ó máa gbọ́.

Ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀. Ẹ rìn gba àárín àwọn ilé àtijọ́ tí a kùn ní ọ̀dà pupa àti ti ìyeyè, tí òdòdó rọ̀ sílẹ̀ lára ògiri wọn. Ẹ gun òkè lọ wo àwọn igi oṣè, kí ẹ sì wo àwọn tí ń ya àwòrán tí wọ́n ń tà. Bí ebi bá dé, ẹ béèrè ìrẹsì àti ẹja tí àwọn Wolof ń pè ní ceebu jën. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé láti ara orúkọ ìjọba Jolof àtijọ́, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà yìí, ni ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n ń jẹ níbi àríyá ti gba orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú wọn lọ sí Ilé Ẹrú. Ní nǹkan bí ọdún 1776 ni a kọ́ ilé náà. Yàrá tóóró wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn kan sì wà lẹ́yìn tí ó kọjú sí òkun gbalasa. Nelson Mandela dé ibẹ̀ ní 1991. Ní 1992, Póòpù John Paul Kejì dúró níbẹ̀, ó sì tọrọ ìdáríjì nítorí àwọn Kristẹni tí wọ́n lọ́wọ́ nínú òwò ẹrú.

Ẹnì kan lè bi mí pé, “Pásítọ̀, ṣé ó tọ́ kí a máa jẹ ìrẹsì kí a sì máa rẹ́rìn-ín nítòsí irú ilé bẹ́ẹ̀?” Ìdáhùn mi ni pé ó tọ́, bí a bá sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ọmọ tí a fi mọ́tò gbé kọjá kì í béèrè ìbéèrè. Ọmọ tí ó bá ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni yóò béèrè pé, “Ta ni ó tà wọ́n?”

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sá fún ìbéèrè yìí. Kì í ṣe Gorée ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn wa gbà lọ. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti fi hàn pé iye ẹrú tí ó ti etíkun tiwa lọ, ní Wídà, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó, pọ̀ ju ti Gorée lọ fíìfíì. Wídà nìkan tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Òyìnbó ni ó ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú ni ó jagun kó wọn tí ó sì tà wọ́n. Ní 1821 ni a kó ọmọkùnrin kan ní Òṣogùn, tí a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọ̀pọ̀ tí a kó bí tirẹ̀ kò padà mọ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà wà nínú wọn, títí di òní olónìí ni wọ́n sì ń lu ìlù kan ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, tí wọ́n ń pè ní ijexá.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi omijé nìkan mú àwọn ọmọ kúrò ní Gorée. Ní erékùṣù yẹn náà ni ilé ẹ̀kọ́ William Ponty wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbi tí Félix Houphouët-Boigny, tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Ivory Coast, ti kàwé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí a fi orúkọ Mariama Bâ, òǹkọ̀wé nì, pè náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí a ti so ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀ ti di ibi tí ọmọ ń kàwé.

Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ òfurufú kò sí lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹni tí kò bá lè dé Gorée lè dé Àgbádárìgì, kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí àwọn ẹrú ti rìn dé etí òkun. Ẹni tí kò bá lè dé ibẹ̀, kí ó pa mọ́tò tì ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ rin ìlú wa yìí ká. Ìmẹ̀sí-Ilé tí ogun Kírìjì jà nítòsí rẹ̀ láti 1877 di 1886 kò jìnnà sí wa. Ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn àgbà, kí ẹ bi wọ́n ohun tí àwọn bàbá wọn sọ fún wọn nípa ogun, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ láti ẹnu wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.