Ẹ Lọ Síbi Tí Wọ́n Á Ti Máa Béèrè Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo mọ bí ilé ṣe máa ń rí nígbà tí èsì Jáǹbù bá jáde. Bàbá á ní Ìbàdàn ni, torí ibẹ̀ lòun náà ti kàwé. Ìyá á ní Adó-Èkìtì ni, torí àbúrò òun ń gbé níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á pè pé kí wọ́n fi yín sí yunifásítì aládàáni. Aládùúgbò tí ẹnikẹ́ni kò pè sí ọ̀rọ̀ náà á ní bí kò bá ti jẹ́ Mẹ́dísìn, kí ẹ kúkú lọ kọ́ṣẹ́. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an á jókòó sí kọ̀rọ̀, á máa tẹ fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń kọ̀wé yìí sí.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni wọ́n máa ń rán àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá sí pé kí n bá wọn mú ilé ẹ̀kọ́ àti kọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń yà kí mi. Bí a bá jókòó tí a ń rántí, àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ gíga gbè á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ èèyàn. Olùkọ́ kan tó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi pa kíláàsì jẹ. Ẹni tí wọ́n jọ wà ní yàrá tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lóru tí ibà dá wọn dùbúlẹ̀. Ìyá olóúnjẹ tó ní kí wọ́n jẹun ná, bí owó bá dé kí wọ́n wá san án. Àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ wọn kò gbè, géètì àti ilé alájà ni wọ́n máa ń ròyìn fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kò pọ̀: ibi tí ẹ bá máa lọ, kí ó jẹ́ ibi tí ẹ ti lè di ẹni tí wọ́n ń béèrè. Ọjọ́ tí ẹ kò bá wá, kí ẹnìkan mọ̀.

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ lọ wo ibẹ̀. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, tí wọ́n ti kun ògiri tí agbádá sì gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ẹ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, láàárín sáà. Ẹ yọjú sí ilé ìkàwé, kí ẹ wò ó bóyá iná wà, bóyá èèyàn ń kàwé níbẹ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ gan-an, ẹ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó. Lẹ́yìn náà, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kan, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí èsì ìdánwò yín bá sọnù, ta lẹ máa lọ bá?” Bó bá dárúkọ ẹnìkan láìronú, èèyàn wà níbẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín tó sì mi orí, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Mo mọ̀ pé gbogbo yín kọ́ lẹ ní owó ọkọ̀ tó lè gbé yín dé ibi mẹ́ta. Ẹ wá ọmọ àdúgbò yín, tàbí ọmọ ìjọ tàbí mọ́sáláṣí yín, tó wà níbẹ̀, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà.

Ti ìlànà ìgbaniwọlé kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́jọ́ jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì àti iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn ni Jáǹbù ń béèrè, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló sì ní mẹ́ta tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ka Mẹ́dísìn gbọ́dọ̀ mú Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì. Máàkì rere nínú iṣẹ́ mìíràn kò lè rọ́pò ọ̀kan nínú wọn. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà, kí ẹ má sì dúró síbẹ̀. Òfin ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tí ń fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ẹ̀rọ ní COREN, ìṣègùn ní MDCN. Ẹni tó ka Òfin níbi tí ìgbìmọ̀ yẹn kò fọwọ́ sí, ẹnu ọ̀nà Law School ló máa dúró sí.

Ẹ máa gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan kò dára nítorí pé àwọn ilé rẹ̀ ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Eléyẹlé fún yín. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1948, nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ló wà níbẹ̀, inú àwọn ilé tí ilé ìwòsàn ológun ti lò rí ní Eléyẹlé ni wọ́n sì kó wọn sí. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ogun ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kàwé. Yunifásítì Ifẹ̀ náà, Ìbàdàn ló fara pamọ́ sí láti 1962 títí ó fi kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Lónìí, ẹ bi ọmọ Great Ifẹ̀ kan nípa ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, bí kò sí ẹni tó dá a dúró, ilẹ̀ á ṣú. Èèyàn 104 ti Eléyẹlé mọ orúkọ ara wọn. Bí ọ̀kan kò bá wá jẹun lálẹ́, wọ́n á mọ̀.

Ní báyìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ńlá kọ̀ọ̀kan, kò sì sí bí ọ̀gá àgbà ṣe lè mọ̀ yín. Nítorí náà, ẹ wo iye èèyàn tó wà nínú ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ má wo iye tó wà nínú gbogbo ọgbà. Ẹ̀ka tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n lọ, olùkọ́ á mọ orúkọ yín kí sáà àkọ́kọ́ tó parí. Ó máa ń dùn mí tí ọmọ tó fẹ́ràn èdè bá sá fún ẹ̀ka Yorùbá tàbí Ìmọ̀ Ẹ̀dá Èdè, tó wá lọ di ẹnìkan láàárín irínwó níbi tí wọn kò ti lè rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín sì máa ń yún yín láti tú ẹ̀rọ kí ẹ sì tún un tò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pólì bú yín. Láti 1947 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Yábàá ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti onímọ̀ ẹ̀rọ. Ọdún méjì ni ND, ẹ ó jáde lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún kan, kí ẹ tó padà wá ka HND fún ọdún méjì. Kì í pẹ́ kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó mọ ọmọ tó mọṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ẹ̀rí, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ yín níbẹ̀. Ní òpin 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni òun fi gba dìgírì láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu. Nígbà tó di oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2024, ìjọba Nàìjíríà dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò dúró. Ojúlówó yunifásítì wà ní Benin o. Àwọn ọmọ Yorùbá láti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń kàwé gidi ní Abomey-Calavi. Ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ ló wá ń jẹ olódodo, torí ẹni tó jókòó ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rin di afurasí pẹ̀lú ẹni tó ra tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti owó lójú kojú. Kí ẹ tó gba ibi kan, ẹ bá àwọn òbí yín ṣírò gbogbo ọdún tí kọ́ọ̀sì náà máa gbà, ilé gbígbé, oúnjẹ àti ìwé pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti rí i lára àwọn ọmọ mi ní ilé ẹ̀kọ́ pé ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé ẹ̀kọ́ máa ń sá fún èèyàn. Kò ní fẹ́ kí olùkọ́ rí òun, kò ní fẹ́ kí ọ̀rẹ́ béèrè òun. Yunifásítì aládàáni tó mú bàbá yín ta ilẹ̀ ní ọdún kejì kò lè fi yín lọ́kàn balẹ̀. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024 wà fún àwọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba: àjọ NELFUND ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣooṣù fún oúnjẹ. Ẹ̀yáwó ni, ẹ ó san án padà, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ó wà.

Ẹ̀yin tí ọkàn yín wà ní òkè òkun, ẹ ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, àwọn ọmọ wa kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ san mọ́. Yunifásítì wọn yọ wọ́n, ó sì fi tó ilé iṣẹ́ físà létí. Láti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2024 sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ti lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ lọ síbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ mọ ìlú tí ẹ̀ ń lọ àti ẹni tó wà níbẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ tí ẹ bá dé. Èrò tèmi ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ gbé inú họ́ọ̀lù bí ó bá rí àyè. Àwọn òbí kan fẹ́ràn yàrá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní ìta, wọ́n á ní ọmọ àwọn fẹ́ kàwé. Mo mọ̀ pé họ́ọ̀lù á kún, omi á wọ́n, ẹnìkan á máa kọrin sí yín létí nígbà tí ẹ fẹ́ sùn. Síbẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i pé ẹ kò tíì jí. Bó bá jẹ́ àdúgbò ìta ọgbà bíi Agbowó, Tánkè tàbí Bàrígà lẹ ti rí ilé, ẹ wá ẹni tí ẹ jọ wà ní ẹ̀ka kan náà bá gbé. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń le. Ọmọ tó ṣe ipò kìn-ín-ní ní ìlú rẹ̀ á wọ kíláàsì, á gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàn lẹ́nu àwọn ọmọ Èkó, á sì pa ẹnu mọ́ títí sáà á fi parí. Ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì ẹlòmíràn wọn òye yín. Ẹ máa jókòó síbì kan náà ní kíláàsì, kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè mọ̀ yín. Ẹ máa kí ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì mọ orúkọ wọn. Ẹ wọ ẹgbẹ́ kan, ó tó: ti ìjọ, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, tó ti wà láti 1954, ti àwọn akọ̀ròyìn ọgbà, ti eré ìdárayá. Ẹ̀yin náà, ẹ máa béèrè ẹni. Bí ẹnìkejì yín nínú yàrá kò bá wálé títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ pè é.

Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níbí. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn mọ ohun tí mò ń sọ yìí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ni wọ́n ń wá. Wọ́n á ra oúnjẹ fún un, wọ́n á bá a wá yàrá, wọ́n á pè é ní àbúrò, wọ́n á sì jẹ́ kó gbàgbọ́ pé òun ti ní ilé. Ìgbà tó bá fẹ́ kúrò ló máa mọ irú ilé tó jẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ 1999, wọ́n ya wọ Họ́ọ̀lù Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ lóru, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, tí akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, George Iwilade, tí wọ́n ń pè ní Afrika, wà lára wọn. Ẹni tó bá ṣoore fún yín tó sì ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún ẹnìkan lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ṣe gbogbo èyí, ọkàn wọn kò sì ní balẹ̀, nítorí pé kọ́ọ̀sì tí wọ́n fi wọ́n sí kì í ṣe tiwọn. Òǹkọ̀wé Chinua Achebe wọ Ìbàdàn ní 1948 láti kọ́ ìṣègùn. Lẹ́yìn ọdún kan, ó yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì, Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Ìsìn. Owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rẹ̀ lọ sí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì yááfì owó tó fẹ́ fi wá sílé fún ìsinmi kí àbúrò rẹ̀ lè máa kàwé lọ. Akéwì Christopher Okigbo tó tẹ̀lé e wá náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣègùn, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú èdè àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́. Ohun tí Achebe rí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn òbí tó bá ka ìwé yìí ronú lé lórí.

Òpin ọdún àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń gba ìyípadà kọ́ọ̀sì, èsì ìdánwò ọdún yẹn ni wọ́n sì máa ń wò. Nítorí náà, ẹ má fi ìbínú pa ìwé kíkà tì. Ẹ lọ bá olùkọ́ tó ń ṣàmójútó ọdún yín kí sáà kejì tó wọra, ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n ń béèrè, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé nígbà tí nǹkan ṣì ṣeé tún ṣe. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti sọ ọ́ nílé, ẹ padà lọ bá olùkọ́ yín ní ilé ẹ̀kọ́ girama. A ti bá bàbá tó le ju tiyín lọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbọ́.

Èmi ni ìyá yín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì