Bí Òpó Fóònù Bá Wó Ńkọ́?

Nígbà tí ìjì Maria jà ní Puerto Rico lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017, díẹ̀ ló kù nínú òpó fóònù tó ń ṣiṣẹ́. Red Cross Amẹ́ríkà ké sí àwọn oníredíò tí kì í gbowó. Àwọn 22 lọ, wọ́n ń bá àwọn tó yè ránṣẹ́ sí ẹbí wọn. Bátìrì ọkọ̀ àti wáyà tí a ta sórí igi tó láti fi sọ̀rọ̀.

Àwa ń ya ìgbì rédíò sínú ìwé lọ́dọọdún (a tún ń gba máàkì sí i!), mélòó nínú wa ló ti fi í sọ̀rọ̀ rí? Wọ́n ní WhatsApp ti tó. Ó tó, bí òpó bá dúró. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ jọ̀ọ́, rédíò kan péré àti olùkọ́ tí yóò múra wa sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ la ń tọrọ.