Mo Gbọ́ Orin Àbùùbùtán

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí ó máa sọ̀rọ̀ omi. Ìlú Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí ọ̀sà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ẹnu ọ̀nà wa, síbẹ̀ n kò mọ omi wẹ̀. Àbúrò màmá mi ọkùnrin ni ó bómi lọ kí wọ́n tó bí mi. Láti ìgbà náà ni màmá mi ti ṣòfin pé ọmọ òun kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi kọjá orúnkún rẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ wa bá ń bẹ́ sínú ọ̀sà lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, etí omi ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń dúró sí, tí a ó máa bá wọn ṣọ́ aṣọ. Àwọn àgbà ní omi là ń bù wẹ̀, omi là ń bù mu, a kì í bá omi ṣọ̀tá. Màmá mi kò bá omi ṣọ̀tá ní tiwọn. Wọn kàn kò bá a ṣọ̀rẹ́ ni.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, mo bá ara mi nínú ọkọ̀ ojú omi kan lórí òkun Àtìláńtíìkì, ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ àwọn àgbàlagbà díẹ̀ ní èdè Yorùbá ní ìlú Salvador, àwọn tí wọ́n ti ń kọrin Yorùbá nínú ilé òrìṣà láti kékeré, tí wọ́n wá fẹ́ mọ ohun tí orin náà ń sọ gan-an. Kò sí ohun tí mo sọ ní kíláàsì tó yà wọ́n lẹ́nu tó bí mo ṣe sọ pé n kò mọ omi wẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, Yemọja ló ni òkun. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdọọdún ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn máa ń gbé òdòdó àti ẹ̀bùn lọ fún un ní etíkun Rio Vermelho. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nílé, odò Ògùn ni a mọ̀ mọ́ Yemọja, pé Olókun ló ni òkun. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé mi tán, ọ̀kan wá béèrè pé: “Odò Ògùn náà ńkọ́? Ṣé ẹ kò lè wẹ̀ nínú ìyẹn náà ni?” N kò rí èsì fọ̀.

Ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí náà ló dá ìmọ̀ràn ìrìn àjò náà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, apẹja sì ni bàbá wọn. Wọ́n ń pè mí ní Olùkọ́, èmi náà ń pè wọ́n ní Màmá, nítorí ẹnu mi kò gbà láti pe orúkọ àgbà ní ìhòòhò. Màmá ní kí n tó padà sílé, ó di dandan kí n rí àwọn àbùùbùtán ní Abrolhos. A wọ bọ́ọ̀sì ní Salvador ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ mọ́ bá wa lọ́nà kí a tó dé Caravelas, ìlú kékeré tí àwọn ọkọ̀ ti ń gbéra.

Erékùṣù kéékèèké márùn-ún ni Abrolhos, wọ́n sì jìnnà sí èbúté tó nǹkan bí kìlómítà 70. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé inú ìkìlọ̀ àwọn atukọ̀ Potogí ni orúkọ náà ti wá, pé kí ẹni tó ń bọ̀ la ojú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí àwọn òkúta iyùn tó fara pamọ́ sábẹ́ omi. Láti ọdún 1983 ni ìjọba ti sọ ibẹ̀ di ọgbà ìtọ́jú, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú òkun ní Bùràsíìlì. Láàrin oṣù Keje sí oṣù Kọkànlá, àwọn àbùùbùtán abuké máa ń wá bímọ síbẹ̀. Mo pè wọ́n ní abuké nítorí bí wọ́n ṣe máa ń ká ẹ̀yìn sókè bí ẹni tó ní iké nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rì sísàlẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín, ìrìn náà kọ́kọ́ korò. Ẹnu odò, láàrin àwọn igi tí gbòǹgbò wọn yọ sókè omi, tutù pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe bọ́ sí gbangba òkun ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Màmá fún mi ní atalẹ̀ jẹ, wọ́n ní kí n tẹjú mọ́ ibi tí òkun àti òfurufú ti pàdé, kí n má ṣe wo ilẹ̀ ọkọ̀. Ibi tí mo tẹjú mọ́ náà ni mo ti rí i kí afinimọ̀nà wa tó ké. Ohun kan tú jáde lójú omi bí èéfín, ó ga, ó sì funfun, bí ẹni pé wọ́n ń dáná nísàlẹ̀ òkun. Omiran, kékeré, tẹ̀ lé e.

Ìyá àti ọmọ ni. Ẹ̀yìn ìyá náà jáde díẹ̀díẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, kò sì tètè tán. Irú wọn a máa gùn tó mítà 12 sí 16, ìwọ̀n wọn a sì máa tó tọ́ọ̀nù 30. Ọmọ rẹ̀, tí kò lè kéré sí mítà mẹ́rin, lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ tí kò tíì mọ ìyá rẹ̀ dá. Atukọ̀ tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, gbogbo wa sì dákẹ́.

Ẹnì kan ni kò dákẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Yúróòpù ti wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ láti èbúté, ó ti fi lẹbẹ onírọ́bà sẹ́sẹ̀, ó sì ń béèrè ìgbà tí a ó bẹ́ sómi. Ó ní òun ti rí àwòrán àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àbùùbùtán ní Tonga, òótọ́ sì ni, òfin gba àwọn tó ní ìwé àṣẹ láyè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Bùràsíìlì yàtọ̀. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹ́ńjìnnì sún mọ́ wọn ju 100 mítà lọ, kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ènìyàn kò sì gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ ní ibi tí kò tó 50 mítà sí wọn. Ọ̀dọ́kùnrin náà bínú pé òun ti sanwó. Afinimọ̀nà wa dá a lóhùn láìgbé ohùn sókè. Ó ní ìyá tí à ń wò yìí ti rìn ju 4,000 kìlómítà lọ láti inú omi tútù tó wà nítòsí erékùṣù South Georgia, ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Láti ìgbà tó ti dé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ló ń fún ọmọ lọ́mú lójoojúmọ́. Bí ó bá ní láti sá fún wa, ọ̀rá ara rẹ̀ ni yóò fi san owó náà, wàrà ọmọ rẹ̀ ni yóò sì dínkù.

Mo gbè sẹ́yìn òfin pátápátá. Nílé wa, àlejò kì í já wọ yàrá àbíyamọ nítorí pé ó ti sanwó ọkọ̀ wá. Mo sì jẹ́wọ́ pé inú mi dùn fún ìdí mìíràn: bí kò bá sẹ́ni tí yóò wọ omi, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí.

Bí a ṣe ń wò ó, orúkọ rẹ̀ ni mo ń rò. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, erinmi ni àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ pe ẹ̀dá ńlá inú òkun ní orí kìíní ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Àbùùbùtán ni ọ̀rọ̀ tó ta á yọ lójú tèmi: ohun tí a ń bù, tí a ń bù, tí kò tán. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti ní láti rí èyí tí òkun gbé jù sí etíkun, tí gbogbo abúlé gbé ọ̀bẹ jáde, tí ẹran sì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bù ú tán lóòótọ́. Ní Bahia níbẹ̀, ọdún 1602 ni àwọn ará Basque bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdẹ rẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wà lára àwọn tó ń wa ọkọ̀ ọdẹ, tó ń gé ẹran, tó ń yọ́ ọ̀rá nínú ìkòkò ńláńlá, kí fìtílà lè máa tàn nínú ilé tí wọ́n ti ń fún ìrèké. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ onírin àti ìbọn ọ̀kọ̀ ti dé. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé agbo tó ń wá sí Bùràsíìlì tó nǹkan bí 27,000 kí ìpakúpa náà tó bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ó ku bí 450. Bùràsíìlì fi òfin de ọdẹ náà ní 1987. Lónìí, wọ́n ti padà tó nǹkan bí 25,000. Ìṣirò yẹn ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn bí ọmọ náà ṣe ń ju ìrù rẹ̀ kékeré sókè, tó sì ń ṣì í jù.

Ní ọ̀sán, a ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ nítòsí erékùṣù Santa Bárbara, níbi tí ilé iná àwọn atukọ̀ ti wà láti ọdún 1861. Kò sí àbùùbùtán nítòsí. Ibí yìí ni òfin ti gbà wá láyè láti wẹ̀. Fún ẹni tó bá ń gbèrò láti lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ pé àsìkò àbùùbùtán kọ́ ni omi ibẹ̀ máa ń mọ́ jù lọ. Oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta ni ìyẹn, nígbà tí àwọn àbùùbùtán ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì yóò gba omi tó rú díẹ̀. Ẹni tí kò bá sì lè dé Bùràsíìlì, kó mọ̀ pé irú àbùùbùtán yìí kan náà máa ń wá sí etíkun orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, láàrin oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá.

Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, awò tó bo ojú àti imú, àti ọ̀pá rọ́bà tí a fi ń mí. Mo sọ pé n ó jókòó sínú ọkọ̀. Màmá kò bá mi jiyàn. Wọ́n ti wà nínú omi kí n tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n kàn na ọwọ́ sókè sí mi láìsọ nǹkan kan. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Nígbà tí omi dé orúnkún mi, mo dúró. Ó ti lé ní ogún ọdún tí òfin màmá mi ti wà níbẹ̀. Mo tún sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan.

Bí mo ṣe ti ojú bọ omi ni mo fa òkun símú. Mo gbé orí sókè, mo ń wúkọ́, mo ń sunkún, mo di Màmá lọ́rùn mú bí ẹni tí yóò fà wọ́n rì. Wọ́n fẹ́ sọ fún mi pé kí n mí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ náà, ohùn òkè sì máa ń nira fún wọn. “Olùkọ́, mì!” ni wọ́n ń pariwo. “Ẹ jọ̀ọ́, mì!” Mo ti mì tó. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi láàrin ẹkún, ẹ̀rín yẹn ló sì jẹ́ kí èémí mi padà. Mo tún ti ojú bọ̀ ọ́.

Òkúta iyùn hàn lábẹ́ mi, àwọn kan rí wúruwùru bí ọpọlọ orí, ẹja aláwọ̀ yẹ́lò àti dúdú ń gba àárín wọn kọjá láìwò mí. Mo ń ka èémí mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ wa ló ń dún. Ó dà bí ilẹ̀kùn tó nílò epo, ó wá lọ sílẹ̀ bí igbe màlúù láti ọ̀nà jíjìn, ó tún gòkè bí ẹkún ọmọ. Ó dánu dúró. Ó sì tún bẹ̀rẹ̀, bákan náà, ní títẹ̀léra kan náà. Mo gbé orí sókè: kò sí nǹkan kan, afẹ́fẹ́ àti ẹyẹ nìkan. Mo ti orí bọ omi: orin náà ń lọ lọ́wọ́.

Akọ wọn nìkan ló ń kọrin. Gbogbo akọ tó wà ní agbègbè kan ló ń kọ orin kan náà, tí wọ́n sì ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, bí orin tuntun ṣe máa ń gba ìlú kan ní àsìkò ọdún. Omi a máa gbé ohùn wọn jìnnà gan-an. A kò rí ẹni tó ń kọ ọ́ rárá. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń ronú nípa ibi tí àbúrò màmá mi lọ, mo máa ń rò pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ ni. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo lò. Màmá ló fọwọ́ tọ́ mi léjìká pé ó tó, ètè mi ti ń gbọ̀n.

Mo pe màmá mi lórí fóònù nígbà tí a padà dé Caravelas. N kò pa irọ́. Mo sọ fún wọn pé mo wọ inú òkun, pé ó kọjá orúnkún, pé ó kọjá ọrùn. Wọ́n dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wo fóònù bóyá ó ti já. Mo wá ń sọ nípa orin náà kíákíá, kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lè kọjá, wọ́n sì ní kí n ṣe é kí àwọn gbọ́. Mo dúró sí èbúté, mo ń kùn bí ilẹ̀kùn, bí màlúù, bí ọmọ. Àwọn apẹja ń wò mí.

“Àbúrò mi mọ omi wẹ̀ o,” ni ohun tí màmá mi sọ nígbà tí mo parí. “Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Òun ló kọ́ mi.”

Mo béèrè pé, “Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni, Mà?”

Wọ́n ní kí n lọ wá nǹkan gbígbóná mu, kí òtútù má baà mú mi.