Ilé Màmá Lọ́ńdọ̀nù àti Àbúrò Tí Wọ́n Fẹ́ Lé Jáde

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, agbolé wo ló kù tí kò lẹ́nì kan ní Lọ́ńdọ̀nù? Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Íbàdàn, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Láti ayé Gowon ni ẹ̀gbọ́n yìí ti wà ní Ìlú Ọba. Ó fọ ilẹ̀ ọsibítù, ó ṣiṣẹ́ alẹ́, ó tọ́ ọmọ mẹ́ta, ó sì ra ilé. Màmá ti pé ọdún 83 báyìí. Orúnkún ò gbà mọ́, ó sì máa ń gbàgbé ìkòkò sórí iná. Àwọn ọmọ ní ilé ìtọ́jú arúgbó ló kàn. Ìyá aláṣọ figbe ta lórí fóònù:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ìjọba ibẹ̀ ló ń sanwó ẹ̀?"

"Ìjọba kẹ̀? Ilé mi yìí ni wọ́n á fi san án."

Màmá ò parọ́. Ọ̀fẹ́ ni ọsibítù ìjọba wọn, ṣùgbọ́n ilé arúgbó kì í ṣe ọsibítù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ, àpò ara rẹ̀ ni yóò fi sanwó ìtọ́jú. Láti 2010 ni iye yìí ti wà lójú kan, bí gbogbo nǹkan ṣe wọ́n tó. Bó bá jẹ́ inú ilé tirẹ̀ ni wọ́n ti ń wá tọ́jú rẹ̀, wọn ò ní ka ilé náà mọ́ ọn. Ọjọ́ tó bá kó lọ sílé arúgbó pátápátá, ọ̀sẹ̀ 12 péré ni wọ́n á fi mójú kúrò, wọ́n á wá kà á. Ilé wo ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò ju £23,250 lọ? Káńsù lè gbà kí wọ́n má tíì tà á o, ṣùgbọ́n gbèsè ló ń gùn ún yẹn. Bí onílé bá kú, wọ́n á gbowó wọn.

Ní Scotland tó múlé tì wọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2002, ìjọba ló ń sanwó ẹni tó ń wẹ̀ fún arúgbó tó ti pé 65, tó ń wọṣọ fún un nínú ilé rẹ̀. Bó bá sì wà nílé arúgbó, wọ́n ń dá sí owó ìtọ́jú yẹn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlérí ni wọ́n ń jẹ. Lẹ́yìn òfin 2014, wọ́n ní owó ìtọ́jú ẹnì kan láyé rẹ̀ kò ní ju £72,000 lọ, ó di 2016. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n gbé e tì. Ní 2021, Boris Johnson tún ní £86,000 ni, ó di oṣù kẹwàá 2023. Wọ́n tún sún un sí 2025. Ní oṣù keje 2024, ìjọba tuntun fagi lé e. Ẹ má rò pé olóṣèlú tibí nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ẹ máa bọ̀ wálé, Ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọmọ mi á máa wẹ̀ fún yín."

Màmá mí kanlẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì ìjọba fún ẹni tó bá wà lọ́hùn-ún. Bó bá kó lọ sí Amẹ́ríkà tàbí Jàmáíkà, wọ́n á ṣì máa fi kún un. Ṣùgbọ́n bó bá kó wá sí Nàìjíríà, iye tó ń gbà lọ́jọ́ tó dé ni yóò máa gbà títí ikú. Owó tí wọ́n ń fún arúgbó tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀ á sì dúró pátápátá. Ogójì ọdún tó fi sanwó sápò ìjọba ńkọ́?

Ni àwọn ọmọ bá ní kí màmá kọ ilé sórúkọ àkọ́bí. Ẹni tó mọ òfin ní kí wọ́n jókòó. Bí káńsù bá rí i pé torí owó ìtọ́jú ni wọ́n ṣe fi ilé tọrẹ, wọ́n á ṣì kà á sí ti màmá ni. Wọ́n wá gbà láti ta ilé. Kí wọ́n tó lè tà á, àbúrò wọn ọkùnrin tó wà ní yàrá òkè gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni ọdún 66 ni. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé níbẹ̀, ajẹunjókòó sì ni gbogbo ẹbí ń pè é. Wọ́n ní kó palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ẹni tó mọ òfin yẹn ló tún bi wọ́n pé, ta ló ń gbé lókè? Wọ́n sọ fún un. Ó ní ẹ má lé e o! Bí ìbátan tó ti pé 60 bá ti fi ilé náà ṣe ibùgbé kí onílé tó lọ sílé arúgbó, tó sì ṣì ń gbé ibẹ̀, káńsù ò gbọdọ̀ ka ilé náà rárá.

Ìyá aláṣọ ní ọmọ tó pariwo jù pé kó jáde ló ń gbé àwo lọ sókè báyìí, pé, "Ańkù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti jẹun?"