Ọlọ́sìn Adìẹ Ekinrin-Adde Kò Yẹ Kó Máa Sanwó Ẹ̀ẹ̀mejì Fún Ohun Kan Náà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa díye lé, ọ̀wọ́n oúnjẹ adìẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀sìn di iṣẹ́ àṣedànù fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Ekinrin-Adde, ìlú àwọn Okun ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, kò yọ sílẹ̀ nínú ẹkún náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí ojú ọlọ́sìn ibẹ̀ rí láàárín omijé: ó ń sanwó ẹ̀ẹ̀mejì fún ohun kan ṣoṣo.

Ohun náà ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tí eegun adìẹ kò lè le láìsí rẹ̀. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà sóyà, tí wọ́n jẹ́ òpómúléró oúnjẹ adìẹ, kò ṣaláìní in. Àmọ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú hóró ọkà ni ó wà ní ìdè nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní phytate. Ibẹ̀ ni irúgbìn kó o pamọ́ sí de ọjọ́ tí yóò hù. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ní àwọn ẹ̀dá tíntìntín nínú ikùn tí ń bá wọn tú ìdè náà. Adìẹ kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ènìyàn pàápàá. Nítorí náà, ohun tí adìẹ gbé mì ni ó ń bá ìgbẹ́ jáde. Olówó rẹ̀ á tún wá lọ sọ́jà lọ ra eegun lílọ̀, tàbí èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá, kí ó lè fi dí àlàfo ohun tí ó ti rà tẹ́lẹ̀ nínú àgbàdo. Ó dà bí ẹni tí ó ra àpótí tí owó kún inú rẹ̀, tí kò gba kọ́kọ́rọ́, tí ó wá ń yá owó jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

Phytase ni kọ́kọ́rọ́ àpótí yìí. Ẹ́ńsáìmù ni, ọ̀kan lára àwọn ohun tí ẹ̀dá alààyè ń pèsè láti mú kí iṣẹ́ inú ara yá. Ó ń já fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kúrò lára phytate ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tú kálísíọ́ọ̀mù, síńkì àti èròjà irin tí phytate dì mọ́ra sílẹ̀. Ọdún 1907 ni Suzuki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ti rí i nínú eèrí ìrẹsì. Ó di ọdún 1991 kí ó tó di ọjà fún àwọn ọlọ́sìn, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Netherlands ṣe é láti ara èbu tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aspergillus niger. Èbu ni ohun bí òwú tí í bo búrẹ́dì tàbí àgbàdo tí ọ̀rinrin bá mú. Kì í ṣe owó oúnjẹ nìkan ni wọ́n rò nílẹ̀ ibẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún inú rẹ̀ ń ṣàn wọ odò, ó ń sọ omi di ewéko, kò sì jẹ́ kí ẹja rí èémí mí. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Layi Adeola ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí bí adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń lo phytase.

Ìṣòro tí ó kù ni ooru. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bá fẹ́ ṣe oúnjẹ adìẹ ní hóró-hóró, wọn a fi ooru omi gbígbóná pọn ọ́n lójú nínú ẹ̀rọ, nígbà mìíràn títí dé ìwọ̀n 80 tàbí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀pọ̀ phytase kì í yè é. Ní ọdún 1997, Luis Pasamontes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland gbé ìròyìn phytase mìíràn jáde, láti ara èbu Aspergillus fumigatus. Wọ́n fi í sínú ooru ìwọ̀n 100, ooru omi tí ń hó, fún ogún ìṣẹ́jú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ ni ó sọnù. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé kì í ṣe pé ooru kò ràn án. Ooru ń tú u palẹ̀, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti tutù, á tún ara rẹ̀ ká padà sí bí ó ti wà. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan ewé patanmọ́ rí, tí ó sì dúró wò ó títí tí ó fi tún ṣí, mọ irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí da àgbàdo tó ti bu fún adìẹ. Aspergillus fumigatus yìí kan náà ni í wọ ẹ̀dọ̀fóró òròmọdìẹ láti inú pàǹtí tútù, tí í sì í pa wọ́n. Ìbátan rẹ̀, Aspergillus flavus, ń ṣe májèlé sára ọkà. Ní ọdún 2004, àgbàdo tí májèlé náà wà nínú rẹ̀ pa èèyàn 125 ní Kẹ́ńyà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé wọ́n mú jíìnì tí ń pàṣẹ phytase kúrò lára èbu olóró, wọ́n gbé e sára ẹ̀dá tíntìntín tí kò léwu, wọ́n sì yọ ẹ́ńsáìmù nìkan lò. Ẹ̀mí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ́ńsáìmù àti èbu.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó yẹ kí ọlọ́sìn Ekinrin-Adde béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó náwó. Èkíní, ṣé oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tí ẹ̀rọ ìlọ àdúgbò ń pò láìfi iná sí ni òun ń lò, àbí oníhóró? Bí ó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó san àfikún owó nítorí phytase tí ń fara da ooru ẹ̀rọ. Èyí tí kò fara da á tó o. Èkejì, ṣé a ti dín eegun lílọ̀ kù? Ìwọ̀n phytase tí wọ́n sábà ń lò lè tú nǹkan bíi gíráàmù kan fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀ nínú kìlógíráàmù oúnjẹ kan. Ẹni tí ó bá fi phytase sí i, tí kò sì dín eegun kù, ti tún dá ìnáwó kẹta sílẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta, ṣé kálísíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ náà kò pọ̀ jù? Àpọ̀jù rẹ̀ ń dí phytase lọ́wọ́.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ìyá Yorùbá. Ẹni tí ó rẹ àgbàdo tàbí ọkà bàbà sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó lọ̀ ọ́ fún ògì ti fún phytase inú hóró fúnra rẹ̀, àti ti àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú omi kíkan, láyè láti ṣiṣẹ́ kí iná tó dé bá a. Ọmọ tí ó mu ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ ń rí irin àti síńkì gbà ju ọmọ tí a se ìyẹ̀fun gbígbẹ fún lọ. Àwọn tí wọ́n ń fi ìkánjú sọ ògì di ohun àná yẹ kó tún un rò.

Àmọ́ adìẹ kì í mu ògì, ẹni tó sì ní igba adìẹ kò lè máa rẹ ọkà lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ìjọba àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Kí ni ó dé tí ọlọ́sìn yóò fi máa fi náírà tí kò lágbára ra ẹ́ńsáìmù òkèèrè, nígbà tí èbu ń hù lórí eèrí àti èèpo ẹ̀gẹ́ nílé? Àwọn kan á ní Nàìjíríà kò lè ṣe é. Ìdáhùn wà ní Ìbàdàn. Ní IITA, wọ́n ṣa àwọn Aspergillus flavus tí kò lóró láti inú ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n gbé wọn sórí hóró ọkà bàbà, wọ́n sì sọ wọ́n di Aflasafe, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sínú oko kí èyí tí kò lóró lè lé olóró jáde. NAFDAC fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 2014. Orílẹ̀-èdè tí ó lè kó èbu níjàánu báyìí kò ní àwíjàre lórí phytase.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, FIIRO, ti wà láti ọdún 1956. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí gàrí àti ògì. Iṣẹ́ yìí yẹ ẹ́. Kí ìjọba fún un lówó àti àkókò tí ó níye, kí àwọn èèyàn sì mọ ọjọ́ tí èsì yóò jáde. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kabba, tí kò jìnnà sí Ekinrin-Adde, sì ni ó yẹ kí ó gbé ìmọ̀ náà dé ẹnu ẹ̀rọ ìlọ, ní èdè tí àwọn àgbẹ̀ ń sọ: kí wọ́n fi agbo adìẹ méjì hàn wọ́n, èyí tí ó jẹ phytase àti èyí tí kò jẹ ẹ́, kí wọ́n wọn eegun, kí wọ́n ka ẹyin, kí wọ́n sì ṣírò owó níṣojú gbogbo èèyàn.

Owó tí ọlọ́sìn ń wá kiri wà nínú àgbàdo tí ó ti rà. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò tíì dìde.